Ó Dùn Wá, Àmọ́ Tiwa Ni: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Olólùfẹ́ 3SC

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtàbúrò tẹ́ ẹ jókòó síbí. Up Shooting! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ròkè jùyẹn lọ. Up Shooting! Ẹ ṣeun. Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa sáà tó kọjá yìí tí Shooting Stars, ìyẹn 3SC, tíìmù bọ́ọ̀lù ìlú Ìbàdàn wa yìí, gbá, bó ṣe dùn wá tó àti béèyàn ṣe lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ka tébù líìgì fún yín o, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ gbogbo pọ́ńtì tá a sọ nù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ mọ ọjọ́ tá a sọ ọ́ nù àtẹni tó gbà á lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó dùn wá ò burú rárá, ẹ̀rí ni pé nǹkan wà láàárín àwa àti tíìmù yìí. Ohun téèyàn bá wá fi ìrora yẹn ṣe ló lè burú, torí ẹni tó bá jẹ́ kó lé òun kúrò ní pápá Lekan Salami tá a ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Adámásìngbà, sáà tó ń bọ̀ ló ti ń bà jẹ́ yẹn, tí ò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tó ti ń dùn wá jù, torí àwọn tí kì í wo líìgì tiwa ò lè mọ̀. Tíìmù ogún ló wà níbẹ̀, ìdíje 38 lèèyàn máa gbá, 19 nílé, 19 lóde, tíìmù mẹ́rin ló sì máa já lọ sí líìgì kejì. Níbí tiwa yìí, pọ́ńtì òde ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Àwọn ọmọ yìí á jókòó sínú bọ́ọ̀sì látibí lọ sí Kánò tàbí Màídúgùrì tàbí Úyò, wọ́n á rin ọ̀nà tí gbogbo wa mọ bó ṣe rí, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, wọ́n á wá bọ́ sórí pápá níwájú èrò tó ti ń dúró dè wọ́n, tí ariwo ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mì lóde fi ń mú wa fò sókè, tí ọ̀mì nílé sì ń ba ọ̀sẹ̀ wa jẹ́. Ẹni tó ń wo Premier League nìkan á máa bi wá pé kí ló dé tójú yín rí báyìí, ṣebí wọn ò nà yín. Àmọ́ ẹni tó bá wà ní Lekan Salami lọ́jọ́ tí àlejò dá góòlù padà nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, ó mọ̀ pé pọ́ńtì méjì yẹn ti lọ nìyẹn, kò síbi tá a ti máa rí i gbà padà, ó máa wá di dandan ká lọ wá a nílé onílé, ilé onílé ọ̀hún ni wọ́n sì ti ń nà wá. Bó ṣe ń kóra jọ nìyẹn, ọ̀mì kan níbí, ọ̀mì kan lọ́hùn-ún, tó bá máa fi di ìparí sáà, àwọn tá a jọ wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti jìnnà sí wa lókè, a ti wá ń wo ìsàlẹ̀.

Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá délé, àwọn ará ilé á ní bọ́ọ̀lù lásán ni. Ẹ má bínú sí wọn, wọn ò mọ̀ ni. Àmọ́ èmi ò gbà pé bọ́ọ̀lù lásán ni o. Lọ́dún 1980 tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, 3-0 la fi na Algeria lọ́jọ́ àṣekágbá, ta ló gbá góòlù wọlé? Segun Odegbami gbá méjì, Muda Lawal gbá ọ̀kan, ọmọ Shooting làwọn méjèèjì, Best Ogedegbe tó dúró sẹ́nu ilé náà, ọmọ Shooting ni. Ìyẹn ni pé gbogbo góòlù tó gbé ife yẹn fún Nàìjíríà lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun nílùú yìí ló ti wá. Rashidi Yekini náà, láàárín 1982 sí 1984 tiwa ni, òun ló padà gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú World Cup wọlé lọ́dún 1994, ìlú yìí náà ló sì gbé títí tó fi kú lọ́dún 2012. Torí náà ẹni tó bá ń sunkún lórí Shooting, lórí nǹkan tó níyì ló ń sunkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti le díẹ̀ nìyí o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dárí jì mí tí mo bá sọ ọ́ báyìí. Ìtàn yẹn kan náà tó ń mú inú wa dùn ló tún ń pa wá lára. Gbogbo sáà tá a bá gbá, ọdún 1976 la fi ń wọ̀n ọ́n. Ọdún yẹn la gba líìgì, ọdún yẹn náà, nígbà tá a ṣì ń jẹ́ IICC, la gba ife Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, a na Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù 4-1, wọ́n na wa 1-0 lọ́dọ̀ tiwọn, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 4-2, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan ní Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wa. Odegbami wà níbẹ̀, Muda Lawal wà níbẹ̀, Kunle Awesu wà níbẹ̀, Sam Ojebode wà níbẹ̀. Ó dára, ó tóbi, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ tá a bá ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ, bí ìgbà pé Shooting ayé ìgbà yẹn kì í pàdánù la ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀ níbí, ohun tó ń gbọ́ ni pé àwọn bàbá òun rí ayọ̀, òun wá bọ́ sásìkò ìyà. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún wọn. Lọ́dún 1977, ọdún kan péré lẹ́yìn ife yẹn, a tún dé semi-final Cup Winners' Cup, ta la pàdé? Rangers ti Ẹnúgu. Rangers! Àwọn tá a jọ ń fa á látọjọ́ yìí wá, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń bọ̀ nílùú yìí, láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú làwọn èèyàn ti ń jiyàn ní Dùgbẹ̀. A ò na wọ́n, wọn ò nà wá, ó di pẹnárítì, wọ́n lé wa síta, wọ́n sì lọ gba ife ọ̀hún, ife tó jẹ́ pé ọwọ́ wa ló ti kúrò. Ẹ rò ó wò. Kì í ṣe àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ló gbà á lọ́wọ́ wa, ẹni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ wa lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yẹn ò sá lọ, ọdún yẹn náà la gba Challenge Cup ti Nàìjíríà, wọ́n sì wà níbẹ̀.

Ọdún 1984 ńkọ́? Èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ. A gba líìgì lọ́dún 1983, a wọ ìdíje Champions Cup ilẹ̀ Áfíríkà, a lù ú títí a fi dé àṣekágbá, àwọn èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́ dè é. Zamalek ti Íjíbítì nà wá 2-0 ní Cairo, wọ́n tún wá nà wá 1-0 ní Èkó, lójú wa. Kò sí góòlù kankan tá a rí jẹ. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, 1996, a tún dé ibẹ̀, Zamalek kan náà la tún bá níbẹ̀. Àwa la kọ́kọ́ nà wọ́n, 2-1 nílùú Ìbàdàn níbí, gbogbo wa ló rò pé gbèsè 1984 ti fẹ́ẹ́ san, a lọ sí Cairo, àwọn náà nà wá 2-1, ó di 3-3, ó di pẹnárítì, 5-4 ni wọ́n fi jẹ wá. Pẹnárítì kan ṣoṣo. Mo lè sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó jẹun tó dùn lẹ́nu ẹ̀ nílùú yìí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí mo bá gbọ́ táwọn ọ̀dọ́ ní sáà yìí ló burú jù tí Shooting tíì gbá, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń rántí, torí ìrora kí wọ́n nà ẹ́ nítòsí ilé àti ìrora kó ku pẹnárítì kan kó o di ọba Áfíríkà, wọn ò jọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ máa sọ ọ́ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ń sọ ti 1976, tẹ́ ẹ bá ń sọ ti 1992 tá a na SC Villa ti Uganda 3-0 nílùú yìí tá a gba CAF Cup àkọ́kọ́ pàá, ife tí Moshood Abiola gbé kalẹ̀, ẹ so 1977 àti 1984 àti 1996 mọ́ ọn. Kì í ṣe láti bà wọ́n nínú jẹ́. Kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn èèyàn tó jókòó sórí kọ̀nkéré yẹn ṣáájú wọn sunkún gan-an, wọ́n sì padà wá lọ́jọ́ Sátidé tàbí Sunday tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn 1996 yẹn, ọdún méjì péré, a gba líìgì ti 1998.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé látọdún 1998 yẹn a ò tíì rí òmíràn. Òótọ́ ni. A gbà á ní 1976, 1980, 1983, 1995, 1998, ó parí síbẹ̀. Kódà a já lọ́dún 2017, a wà ní líìgì kejì títí di 2021, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé wọn nígbà yẹn, tẹ́ ẹ lọ wo bọ́ọ̀lù táwọn oníròyìn ò kà sí, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbí yìí. Àmọ́ ẹ wo Rangers tá a ń sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gba líìgì lọ́dún 1984, wọn ò tún gbà á mọ́ títí di 2016. Ọdún 32! Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ife yẹn ti láya, ti bímọ, kó tó rí òmíràn. Nígbà tí wọ́n wá gbà á tán, kò pẹ́ tí wọ́n tún gba ti 2024. Ẹ tún wo Remo Stars níbí, Ìkẹ́nẹ́ tí ò jìnnà sí wa. Lọ́dún 2017 tá a já, àwa àtàwọn la jọ já. Lọ́dún 2021 tá a padà wá, àwa àtàwọn la jọ padà wá. Lọ́dún 2025, àwọn ni wọ́n gba líìgì. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́, inú mi dùn fún wọn torí ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ó sì tún dùn mí. Mo wá bi ara mi pé kí ni wọ́n ní tá ò ní? Èrò kọ́, àwa la lérò. Ìtàn kọ́, àwa la nìtàn. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní bọ́ọ̀lù, wọ́n ní pápá tiwọn, ẹnì kan ló ni ẹgbẹ́ tó sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọdún mélòó kan síwájú. Tiwa, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín. Mi ò bú ìjọba kankan, ìjọba tó wà ńlẹ̀ àtàwọn tó ti lọ, gbogbo wọn ló náwó sí i. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ ti ìjọba, ìjọba yí padà, àwọn tó ń darí ẹ̀ yí padà, kóòṣì yí padà, ìdajì àwọn ọmọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ orúkọ wọn ti lọ síbòmíì kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ò lè kọ́ tíìmù bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá lè béèrè? Àwa ni. Ibi tí mo ń lọ látàárọ̀ nìyẹn. Tí pápá bá kún, tí àwọn tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà mélòó kan, ohùn wọn máa dé ibi tó yẹ kó dé, torí olóṣèlú ò lè fojú fo ibi tí èrò wà. Tí pápá bá ṣófo, ta ló fẹ́ béèrè, ta ni wọ́n sì fẹ́ dá lóhùn? Ẹni tó jókòó sílé tó ní òun ò lọ mọ́ títí wọ́n á fi gbá a dáadáa, kò fìyà jẹ alága, kò fìyà jẹ kóòṣì. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà àti píọ́ wọ́tà lẹ́nu gééètì ló fìyà jẹ, àtàwọn ọmọ tó wà lórí pápá tí wọ́n máa wo òkè tí wọn ò ní rí ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti kó lọ sí fiúìn sẹ́ńtà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wo Arsenal, bọ́ọ̀lù tó dáa dùn-ún wò. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìrora lẹ sá fún, ẹ ò sá fún nǹkan kan. Ipò kejì ni Arsenal ṣe ní 2023, ipò kejì ní 2024, ipò kejì ní 2025, mo sì rí bójú yín ṣe rí láwọn ọdún yẹn. Ìrora wà níbi gbogbo tí ìfẹ́ bá wà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ọ̀hún, ẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí i, kóòṣì wọn ò mọ̀ yín, ohùn yín ò dé London. Ti ibí yìí, ẹ lè bá agbábọ́ọ̀lù pàdé ní Mọ́kọ́lá níbi tó ti ń ra oúnjẹ, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ẹ wà lẹ́yìn ẹ̀, kí ara ẹ̀ sì yá gágá lọ́jọ́ kejì. Àwọn àgbà wa ṣáà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ọmọ tẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, èèyàn á bá a wí, á wá tíṣà fún un, á jókòó tì í lálẹ́, kò ní lọ máa ra aṣọ fún ọmọ aládùúgbò nítorí pé tọ̀hún mọ̀wé.

Ìbínú náà ńkọ́? Ìbínú ò burú, èmi náà máa ń bínú, mo máa ń pariwo. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, nǹkan jíjù sórí pápá, kéèyàn máa lé rẹfirí, kéèyàn máa dènà de bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ wa fúnra wa, ìyẹn kì í ṣe ìfẹ́. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e nínú líìgì yìí, owó ìtanràn, kí wọ́n ní ká gbá bọ́ọ̀lù láìsí èrò, tàbí kí wọ́n ní ká kó ẹrù wa lọ gbá a nílùú míì. Èmi ṣì sọ lẹ́ẹ̀kan pé ilé la ti ń rí pọ́ńtì, ẹni tó bá wá jẹ́ kí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ wa, kí ló kù fún wa? Ẹ sì rántí pé ọmọ ogún ọdún làwọn míì nínú wọn. Ọmọ tí ò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lónìí mọ̀ pé òun ò gbá a dáadáa, kò dìgbà tá a bá bú ìyá ẹ̀ kó tó mọ̀.

Béèyàn ṣe ń gbé e fúnra ẹ̀ wá kù. Mi ò ní oògùn kan o. Ohun tí mo ti rí tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ ni pé kó má dá nìkan wà pẹ̀lú fóònù, kó máa wo fídíò góòlù tí wọ́n jẹ wá lóru ganjọ́ tó sì ń ka gbogbo èébú tí wọ́n ń bú wa. Wá ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ jókòó, ẹ jiyàn ẹ̀ tán, ẹ bínú tán, ẹ rẹ́rìn-ín tán. Tó o bá fẹ́ sinmi bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sinmi. Mú ọmọ ẹ lọ wo àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ládùúgbò lọ́jọ́ Sátidé, wàá rí ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù dáadáa, wàá béèrè orúkọ ẹ̀, ọkàn ẹ á tún ti ń rò ó pé tí Shooting bá lè mú ọmọ yìí. Tí ìrò yẹn bá ti wá, o ti ń bọ̀ sípò nìyẹn.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ni pé ká kọ lẹ́tà kan tí gbogbo wa máa fọwọ́ sí, ká béèrè nǹkan tó ṣe pàtó: àwọn agbábọ́ọ̀lù wo ló ń dúró, ọdún mélòó ni wọ́n fún kóòṣì, kí ni ẹgbẹ́ ń ṣe fáwọn ọmọ kéékèèké nílùú tó bí tàbí tó tọ́ irú àwọn èèyàn tá a dárúkọ lónìí. Ká fọ̀wọ̀ kọ ọ́, ká fi ránṣẹ́, ká sì wà ní pápá lọ́jọ́ ìdíje àkọ́kọ́ nílé, kí wọ́n lè rí ojú àwọn tó kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kọ Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá dáadáa, kó dúró lẹ́yìn ìpàdé yìí. Bàbá tó wọ fìlà aláwọ̀ ewé lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo ti rí yín o, ẹ ti ń nawọ́ tipẹ́, ó dà bí i pé ọ̀rọ̀ 1984 yẹn lẹ fẹ́ bá mi jiyàn lé lórí. Ẹ gbé gbohùngbohùn fún wọn.